Etí Tó Ń Hó Lẹ́yìn Ariwo: Hẹ́dífóònù Wo Ló Yẹ Yín, Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Fi Sílẹ̀?

Ẹni tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn òde àríyá tí wọ́n ti dojú sípíkà kọ tábìlì rẹ̀, tàbí lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, kì í wá ìmọ̀ràn tì. Ìyàwó ẹ̀ á ní kó lọ sọ íápíìsì yẹn nù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ní kò sóhun tó ṣe íápíìsì, kó ṣáà yí fólúùmù wálẹ̀. Àbúrò ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ní kó dúró, òun á fi èyí tó ń pa ariwo ìta ránṣẹ́. Ẹlòmíì á búra pé èyí tó ń gba ara eegun kọjá nìkan ni kò lè pa etí lára. Gbogbo wọn ló mú òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ni ò jẹ́ kí awuyewuye náà parí.

Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ló ń pinnu: bí ohùn ṣe ròkè tó nígbà tó dé inú etí, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, àti ariwo àyíká tó ń mú kéèyàn máa yí fólúùmù sókè. Hẹ́dífóònù tó dáa gan-an nínú yàrá tó dákẹ́ lè di wàhálà nínú dánfó. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ lò ó ni ká máa bi ara wa léèrè ká tó máa jà lórí orúkọ rẹ̀.

Àwọn tí kò tíì yẹ kó yan ohunkóhun

Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí tí ìró náà ń lù bí ọkàn yín ṣe ń lù, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ̀gbẹ́ ojú kan rọ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù tì ná, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí etí bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tẹ́ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn. Oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló dáa jù.

Ẹ tún ronú nípa oògùn tẹ́ ẹ lò lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Kuníìnì máa ń mú etí hó, àwọn àgbà tí wọ́n fi í wo ibà sàn mọ̀ ọ́n dáadáa. Abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn, tí àwọn kẹ́míìsì kan ń gún féèyàn láìsí ìwé dókítà, lè ba etí jẹ́ kó má sì ṣeé tún ṣe mọ́. Ásípíríìnì tó pọ̀ lápọ̀jù náà ń mú un hó, ṣùgbọ́n tiẹ̀ sábà máa ń lọ tí wọ́n bá dá a dúró. Bó bá jẹ́ dókítà ló kọ oògùn náà fún yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó jáwọ́ níbẹ̀. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán ló dí ihò etí pa. Wọ́n á yọ ọ́ nílé ìwòsàn, ariwo á sì dáwọ́ dúró. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí òróró gbígbóná wá a fúnra yín. UCH n'Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, National Ear Care Centre ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná.

Ẹni tí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ò bá kàn, tó mọ̀ pé ariwo ló fà á, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ibí lọ.

Ohun tá a máa fi wọ̀n wọ́n

Nínú etí lọ́hùn-ún, sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-rín bíi 15,000 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ariwo líle ń pa wọ́n, ti ọmọ ènìyàn kì í sì í hù padà. Ọpọlọ tí kò rí ìró tó máa ń rí gbà mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, bí ẹni tó ń yí rédíò sókè nígbà tí iléeṣẹ́ rédíò náà ò gbé e dáadáa, tó wá jẹ́ ariwo wóóó nìkan ló ń jáde. Ibẹ̀ ni híhó yẹn ti ń wá. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé àyẹ̀wò ìgbọ́ràn á ní kò sóhun tó ṣe yín, etí á ṣì máa hó, torí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́ iṣan etí lè ti bà jẹ́ kí àyẹ̀wò tó rí i. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́, tó ju gbogbo yòókù lọ, ni èyí: ṣé nǹkan náà á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àti orin ketekete nígbà tí fólúùmù wà nísàlẹ̀, àbí ó máa fipá mú yín gbé e sókè? Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí nípa ìlera níbi iṣẹ́, fi 85 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó) fún wákàtí 8 lójúmọ́ ṣe òpin fáwọn òṣìṣẹ́. Bí ohùn bá fi 3 dB ròkè sí i, àkókò á dín kù sí ìdajì. 88 dB, wákàtí 4. 91 dB, wákàtí 2. Tó bá fi máa dé 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Fún ẹni tó ń gbọ́ orin fún ìgbádùn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí tàwọn ọmọdé sì wà ní 75 dB. Ọ̀pọ̀ fóònù ló lè gbé 100 dB jáde tàbí jù bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí i dé òpin.

Ìkejì: kí ló ń ṣe sí híhó náà fúnra rẹ̀? Ẹ fi ìka dí etí yín méjèèjì báyìí, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe gbà á kankan. Ohun tó bá dí etí pa máa ń gbé ariwo inú síta bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ò fẹ́ ohun tó máa rán an létí rẹ̀ lọ́sàn-án lóru.

Ìkẹta ni owó, àti bóyá nǹkan náà ṣeé gbára lé nílùú tí iná kì í dúró. Ìkẹrin ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, torí ìpè níbi iṣẹ́ yàtọ̀ sí oorun alẹ́. Ìkárùn-ún, tí àwọn tó ń tajà kì í sọ, ni àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé.

Kéèyàn fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá

Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì tọ́ fún àkókò kan. Lẹ́yìn ariwo ńlá, bóyá ìbọn tó dún sítòsí tàbí òru mọ́jú nídìí sípíkà, etí tó ti rẹ̀ nílò ìsinmi. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ jẹ́ kí íápíìsì sùn.

Ibi tí mo ti yapa sí àwọn tó ń ní "má tún fọwọ́ kàn án láyé" ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń sá fún hẹ́dífóònù tí wọ́n ò sá fún ariwo. Ẹni tó sọ íápíìsì nù tó sì ń jókòó síwájú ẹgbẹ́ olórin ní gbogbo Sátidé, kí ló ṣe? Ohùn kì í bèèrè ibi tó gbà wọlé. 95 dB láti ẹnu sípíkà àti 95 dB láti inú íápíìsì, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà wọ́n.

Ewu kejì ni pé ìbẹ̀rù lè gbà èèyàn lọ́kàn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí hẹ́dífóònù, wọ́n á bọ́ sórí dídí etí pẹ̀lú fóòmù nínú ilé, nínú ọjà, nínú ilé ìjọsìn tí ẹnikẹ́ni ò pariwo. Etí tí wọ́n ń dí láìnídìí máa ń di ẹlẹgẹ́ sí i: ọpọlọ á tún gbé ara rẹ̀ sókè, abọ́ tó já bọ́ á wá dún bí ìbọn. Fóòmù wà fún ibi tí ariwo wà.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí híhó wọn ń le sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lo hẹ́dífóònù, kódà tí fólúùmù wà nísàlẹ̀ pátá. Mi ò ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Àmọ́ kó dán an wò dáadáa: kó yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí etí ṣe rí àti bó ṣe sùn tó. Àìsùn àti àníyàn nìkan tó láti mú kí etí hó kíkankíkan láàárọ̀, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru íápíìsì.

Íápíìsì kékeré tó ń wọnú etí

Oríṣi méjì ni, kò sì yẹ ká da wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti lábẹ́ afárá Òṣòdì, tí ò ní rọ́bà, kì í dí ihò etí. Ariwo mọ́tò á máa wọlé bó ṣe fẹ́, ẹ̀yin náà á máa yí orin sókè kẹ́ ẹ lè bá a dọ́gba. Kò sí èyí tó burú tó o fún ẹni tó ń wọ mọ́tò lójoojúmọ́. Ó tún ní ìwà kan: apá kan á kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olówó ẹ̀ á sì máa fi apá kan tó kù gbọ́ orin. Nígbà tí etí méjèèjì bá jọ ń gbọ́, ohùn máa ń dún sókè létí ju ti ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹni tó ń fi ẹyọ kan gbọ́ á gbé fólúùmù sókè láìmọ̀. Ọjọ́ tí apá kan bá ti kú ni kẹ́ ẹ jù ú nù.

Oríṣi kejì ní rọ́bà tó rọ̀, tó ń dí ihò etí. Tí rọ́bà náà bá bá etí yín mu, ariwo ìta á dín kù gan-an láìlo bátìrì kankan, ẹ ó sì lè gbọ́ ìpè ní fólúùmù tó kéré. Ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ yín ni pé híhó náà á túbọ̀ hàn nígbà tí orin ò bá dún, ohùn tiyín náà á máa dún gbùù nínú orí yín tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ó ń ti ìdọ̀tí etí wọ inú, ẹni tó bá sì ń wọ̀ ọ́ tòórùn-tòógùn láti àárọ̀ dalẹ́ lè rí i pé etí ń yún òun, pé ó ń dun òun. Ẹ máa nù ún, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni.

Owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì rọrùn láti gbé. Fún ìpè kúkúrú, ó tó. Fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, mi ò ní mú un.

Hẹ́dífóònù tó borí etí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀

Àwọn tó mọ̀ nípa orin mọ èyí dáadáa. Porta Pro tí Koss gbé jáde lọ́dún 1984 ṣì wà lọ́jà títí dòní, nǹkan bíi dọ́là 50 sì ni. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ẹ ó máa gbọ́ ìró ilé: fáànù, àwọn ọmọ tó ń ṣeré, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nítorí pé etí ò dí, híhó náà á dà pọ̀ mọ́ ìró wọ̀nyẹn, kò ní dá dúró lójú yín. Okùn ló ń lò, kò nílò bátìrì, bí Nẹ́pà bá mú iná lọ ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ ò fara sin. Nínú mọ́tò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kò wúlò fún ohunkóhun, ẹ ó kàn máa gbé e sókè ṣáá. Orin yín á sì máa jáde sí ẹni tó jókòó tì yín. Àmọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé tó dákẹ́, tí kì í gbọ́ orin lóru, kò sí èyí tó tó o lówó yẹn.

Èyí tó ń pa ariwo ìta

Èmi gan-an rò pé èyí ni àríyànjiyàn wà lé lórí jù, torí ó níye lórí, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan bí idán, ó sì ń dá àwọn míì lágara.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé makirofóònù kékeré ara rẹ̀ ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì ṣe ìró tó dojú kọ ọ́, kí méjèèjì pa ara wọn. Ó mọ ariwo tó dúró lójú kan dáadáa, tó sì nípọn: jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ òfuurufú, amúlétutù. Fún irú ìró bẹ́ẹ̀, ó lè mú nǹkan bíi 20 sí 30 dB kúrò. Kò mọ ìró tó ń yọ lójijì. Fèrè ọkọ̀, igbe ọmọ, kọndọ́kítọ̀ tó ń lọgun "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o," gbogbo ìyẹn á ṣì wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìmùtìmù etí rẹ̀ á dín in kù díẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ fún etí tó ń hó ò sí nínú pípa ariwo náà fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ohun tó ń jẹ́ kéèyàn lè ṣe: ẹni tó ti máa ń gbọ́ wàásù ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fólúùmù nínú bọ́ọ̀sì Èkó sí Ìbàdàn lè rí i pé ìdajì ti tó òun. Tí kò bá yí i wálẹ̀, owó ló fi ṣòfò.

Àwọn kan máa ń ní etí àwọn ń wúwo bí ẹni wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n bá wọ̀ ọ́. Atẹ́gùn kankan ò sí níbẹ̀, ọpọlọ ló ń túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìnira náà kì í ṣe irọ́. Ẹlòmíì á ní ìdákẹ́jẹ́ náà ló jẹ́ kí òun gbọ́ híhó etí òun bí ẹni ń fọn fèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ yá ti ọ̀rẹ́ wò fún ọjọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Sony ta WH-1000XM5 ní nǹkan bíi dọ́là 400 nígbà tó gbé e jáde ní 2022. Owó tí ò yẹ kéèyàn ná lórí ìméfò nìyẹn.

Ọjà sì kún fún ayédèrú. Wọ́n á kọ ANC, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe pípa ariwo ìta yìí, gàdàgbà sára páálí, kò sóhun kankan nínú ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ má tan orin rárá, ẹ tan ANC, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò bá yí padà, ẹ dá a padà fún wọn.

Ohun méjì tó kù: bí bátìrì bá kú, ó di hẹ́dífóònù lásán. Ẹ má sì lò ó bí ohun ìdáàbòbò fún ìbọn, ẹ̀rọ ìlọta tàbí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Wọn ò ṣe é fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má fi sọdá títì tí ọ̀kadà ń gbà.

Èyí tó ń gba ara eegun

Orí eegun tó wà níwájú etí ni wọ́n ń gbé èyí lé. Àwọn tó ń sáré láàárọ̀ fẹ́ràn ẹ̀ torí ihò etí wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. OpenRun ti Shokz, tí wọ́n gbé jáde ní nǹkan bíi dọ́là 130, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ nínú wọn.

Ibi tí irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ní kì í kan etí. Awọ etí nìkan ló fò dá. Sẹ́ẹ̀lì onírun yẹn kan náà ló ń gba ìró náà nínú lọ́hùn-ún, òun gan-an sì ni ariwo ti pa tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ó ń ba etí jẹ́ bí gbogbo yòókù. Nínú ariwo, ẹ sì máa gbé e sókè dandan torí kò dí ohunkóhun.

Ibi tó ti borí gbogbo wọn ni lọ́dọ̀ ẹni tí awọ etí rẹ̀ lu tàbí tí ọyún ń jáde létí rẹ̀, tí dókítà ní kó má fi nǹkan dí ihò etí. Ó tún dára fún ẹni tí etí dídí ń mú kí híhó náà le, tó sì fẹ́ máa gba ìpè níbi tó dákẹ́.

Sípíkà kékeré nínú yàrá

Kì í ṣe hẹ́dífóònù, ṣùgbọ́n fún alẹ́, òun ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Rédíò tó ń gba iná sára, fóònù tó ń mú ìró òjò wá, tàbí fáànù lásán. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni ìró pẹ̀lẹ́ tí kò dá dúró, tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí híhó etí yín. Ẹ má gbìyànjú láti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ń bò ó, ọpọlọ ò ní láǹfààní láti mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mímọ́ra yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé pé etí àwọn ń hó. Ẹ fi í sí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìṣòro kan ṣoṣo rẹ̀ ni ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn. Sípíkà pẹlẹbẹ kan wà tó ń wọ abẹ́ ìrọ̀rí, ẹni tó gbé orí lé e nìkan ló máa ń gbọ́ ọ dáadáa. Ó sàn ju fífi íápíìsì sùn lọ, torí ẹni tó sùn kò lè yí fólúùmù wálẹ̀.

Ohun tí hẹ́dífóònù kankan ò lè ṣe

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí wà fún kí etí má bàa burú sí i àti kí ọjọ́ má bàa nira. Kò sí èyí tó ń wo híhó náà sàn. Ìtọ́jú tí ẹ̀rí pọ̀ fún jù pé ó ń dín ìyọlẹ́nu rẹ̀ kù ni ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n ń pè ní CBT. Kì í pa ìró náà, ó ń yí bí ọkàn ṣe ń gbà á padà. Ó ṣòro láti rí lọ́dọ̀ wa. Fún ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sábà máa ń mú híhó náà rọlẹ̀, torí ó dá ìró tí ọpọlọ ń wá padà fún un, mo sì máa ní kẹ́ ẹ náwó lé ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra hẹ́dífóònù olówó ńlá.

Ní ti oògùn, àwọn dókítà etí Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2014 pé kí wọ́n má fi ginkgo, zinc tàbí mẹlatóníìnì tọ́jú etí tó ń hó. Àjọ NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba sì sọ ní 2020 pé kí wọ́n má fi betahistine, oògùn tí wọ́n ń lò fún òòyì, tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìgò àgbo tó ní ó máa pa á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó yín ló fẹ́.

Awuyewuye inú ilé àti ti ibi iṣẹ́

"Bàbá Bọ́lá, mo ti ń pè yín láti àárọ̀, ẹ̀yin náà tún ti fi nǹkan dí etí." Ìyàwó tó sọ èyí lè má bínú sí hẹ́dífóònù náà rárá. Ó ń bínú pé wọn ò dá òun lóhùn. Bí ọkọ ò bá tíì sọ fún un pé etí òun ń hó, pé nǹkan tó wà létí òun ló ń jẹ́ kí òun lè jókòó nínú ilé yẹn tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, ibo ló ti máa mọ̀? Ìró tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbọ́ ṣòro fún ẹlòmíì láti gbà gbọ́. Ẹ sọ ọ́ jáde, kẹ́ ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àkókò tí etí máa wà ní gbangba, pàápàá nígbà oúnjẹ. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló ní etí tó ń hó, ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀.

Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè, ẹ bèèrè èyí tó ní apá méjì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n gbé ìjókòó yín kúrò nídìí amúlétutù tàbí ẹnu ọ̀nà. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, fólúùmù á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba ní òfin lẹ́yìn: òfin ariwo níbi iṣẹ́ ti ọdún 2005 sọ pé tí ariwo bá dé 80 dB, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní ohun ìdáàbòbò etí tẹ́ ẹ bá bèèrè, tó bá sì dé 85 dB, dandan ni.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìjà lórí "yọ ọ́ létí" kì í so èso. Ẹ wọ inú fóònù wọn. Lórí iPhone, Headphone Safety wà lábẹ́ Sounds & Haptics, ẹ lè fi òpin síbẹ̀ láti 75 sí 100 dB. Ẹ fi í sí 75. Samsung náà ní ibi tí wọ́n ti ń fi òpin sí fólúùmù. Ohun tí iPhone ń kà ṣeé gbára lé jù fún hẹ́dífóònù Apple àti Beats. Fún yòókù, ìfojúbù ni.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn ariwo lọ́sẹ̀ yìí: kó má mú ìkankan, kó sinmi, kó sì lọ ṣàyẹ̀wò bí kò bá lọ.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé tó dákẹ́: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí owó wà lọ́wọ́.

Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì gígùn, tàbí tó ń gbé ládùúgbò tí jẹnẹrétọ̀ kì í sùn: èyí tó ń pa ariwo ìta, bó bá ti yá a wò tí kò yọ ọ́ lẹ́nu. Bí owó ò bá sí, íápíìsì onírọ́bà tó bá etí mu dáadáa ló tẹ̀lé e.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tàbí tí kò fara mọ́ ohunkóhun nínú ihò etí: èyí tó ń gba ara eegun, níbi tó dákẹ́ nìkan.

Ẹni tí oorun ni ìṣòro rẹ̀: sípíkà kékeré tàbí fáànù. Kó má gbé nǹkan kan sétí lóru.

Onílù, akọrin ilé ìjọsìn àti DJ wà lọ́tọ̀. Hẹ́dífóònù kọ́ ni wọ́n nílò jù. Ohun ìdí-etí tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin ni, èyí tó ń dín gbogbo ohùn kù bákan náà láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Fóòmù lásán máa ń gé ohùn tín-ín-rín kúrò jù, orin á wá dún bí ẹni wà lábẹ́ omi, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń yọ ọ́ jù nù. Fóòmù náà sì ni kí ẹni tó ń lọ sí Ojúde Ọba fi sápò, ẹni tí ìbọn máa ń yìn nítòsí rẹ̀. Ìró ìbọn kan ṣoṣo máa ń kọjá 140 dB, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kó tó wọ etí, torí náà kí wọ́n ti wọ fóòmù wọn kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó wọ pápá.